Ìyá Odi Ló Gbọ́ Èdè Odi: Ìrántí Andrew Foster

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́, mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.)

Alága, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ògbufọ̀ wa tí ẹ dúró lápá ọ̀tún, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má sáré, mo sì ti gbà. Ẹ máa tó rí bí mo ṣe máa yẹ àdéhùn.

Láti 1992 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ òní sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1987, bàálù kan já ní Rwanda, Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tó ń dá iléèwé adití sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, sì bá a lọ. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá síbi àjọ̀dún yìí, mi ò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlú yìí ló wá dá iléèwé adití sílẹ̀ sí ní 1960. A máa ń rántí gbogbo kọmíṣánnà tó bá ṣí géètì.

Ní Ensley, ní Alabama, ni wọ́n ti bí i ní 1925. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis kọ lu òun àti arákùnrin rẹ̀, etí àwọn méjèèjì sì di. Iléèwé àwọn adití aláwọ̀ dúdú ní Alabama kò kọ́ni kọjá ìwé mẹ́fà. Ó kọ̀wé sí Gallaudet ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ tún un gbọ́: adití kọ̀wé sílé adití, ilé adití ní àwọ̀ rẹ̀ ò bá àwọn mu! Ó kọ, ó tún kọ, títí wọ́n fi gbà á ní 1951. Nígbà tó máa fi di 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde níbẹ̀.

Ní 1957 ó gúnlẹ̀ sí Accra. Àwọn míṣọ́nnárì tí etí wọn pé sọ fún un pé kò sí ọmọ adití nílẹ̀ Áfíríkà. Ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó rẹ́rìn-ín. Ó bá iléèwé kan sọ̀rọ̀, wọ́n yá a ní kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé, àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò sí sì ń wọlé.

Ibi tí mo ń lọ nìyí o. Àwọn àgbà wa ní ìyá odi ló gbọ́ èdè odi. Wọn ò sọ pé odi ò lédè. Wọ́n ní ó lédè, pé ẹni tó bá jókòó tì í ló máa gbọ́ ọ. Ẹni tó sì dití kò fi dandan jẹ́ odi. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àwa la ò gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà (ọ̀kan wà ní ìlà kejì, ẹ má bojú wẹ̀yìn) tí wọ́n ṣì ń sọ pé ètè ni kí a kọ́ ọmọ adití láti máa wò. Ìyẹn ni àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ adití dìbò fún ní Milan, ní Ítálì, ní 1880, wọ́n ní kí ọwọ́ káwọ́ kúrò.

Ó dáa. Ẹ kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fi ètè pe “bàbá”, ẹ má gbé ohùn jáde. Ẹ wá pe “màmá”. Kí lẹ rí? Ọ̀kan náà! Ẹ mú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ohùn ló yà wọ́n, ohùn kì í sì í hàn lójú ètè. Ẹ fi ètè sọ fún ìyàwó tó dití pé ọkọ ti dé, á gbé báàgì, á forí lé ibùdókọ̀. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro lójú ètè, Yorùbá ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé wa á dáhùn nígbà tó bá yá.

Foster kò bá wọn jiyàn. Ó fi ọwọ́ kọ́ni. Ìbàdàn, Kaduna, Enugu…

(Alága fi ìwé pélébé ránṣẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.)

Kíá kíá, ẹ forí jì mí. Ó fẹ́ Berta, adití láti Jámánì, ní 1961. Iléèwé tó dá sílẹ̀ lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13, Togo àti Benin wà lára wọn. Ìjọba tiwa, 2019 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ abirùn. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ lórí òfin yẹn; mo ti ká a.

Ìgbà tí ìbéèrè dé, télọ̀ kan dìde lẹ́yìn. Ọwọ́ ló fi sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń gbé e sóhùn fún wa:

“Ẹ ní ìyá odi ló gbọ́ èdè odi. Kí n tó wọ iléèwé, èmi àti ìyá mi lédè tiwa. Ọwọ́ wà fún oko, fún òjò, fún gàrí. Iléèwé fún mi ní èdè tí Foster gbé wá láti Amẹ́ríkà. Inú mi dùn sí i, òun ni mo fi lọ́rẹ̀ẹ́, òun ni mo fi mọ̀wé. Mo délé ní ọlidé, mò ń sọ̀rọ̀, ìyá mi ń wò mí bí ẹní ń wo àlejò. Ta ló kọ́ ìyá mi? Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

Mo ní lẹ́tà A dé Z ni mo mọ̀, àti “ẹ káàárọ̀”. Gbọ̀ngàn náà rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ iléèwé wa. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó wá. Mi ò fẹ́ kí ó ba akọni mi jẹ́ ni mo ṣe fò ó. Wákàtí kan gbáko ni mo fi bá àwọn tó ní ètè ni kí adití máa wò jà, mi ò bi ara mi léèrè pé ọwọ́ ta ni à ń lò. Foster dá ọmọ padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ èdè tí ìyá àti ọmọ ti jọ ṣẹ̀dá lẹ́bàá ààrò, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìyá télọ̀ yìí.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe fún gàrí.

Ó ká ọwọ́ òsì bí abọ́, ó fi ìka ọ̀tún yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó bu díẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí omi tútù kan eyín rẹ̀. Alága ti ń dìde láti pa ìjókòó náà dé. Ògbufọ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó yíjú sí wa, ó ní òun ò mọ ìyẹn, ó sì bẹ télọ̀ pé kó tún un ṣe.