Ọdún kan tó kù nílẹ̀: ìṣirò ọmọ fásitì tó fẹ́ bá draft NBA lọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹ kú ìjókòó. Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ẹni tí gbogbo wa mọ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sáà 1983 sí 1984 parí ní Amẹ́ríkà, ọdún kan ṣì kù nílẹ̀ fún Hakeem Olajuwon láti gbá bọ́ọ̀lù fún Fásitì Houston. Ọmọ Èkó ni. Handball ló ń gbá kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. 1980 ló dé Houston, kò sì bọ́ sórí pápá ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá fásitì, ní 1983, North Carolina State fi àmì 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún dé ibẹ̀ ní 1984, Georgetown fi 84 sí 75 nà wọ́n. Ẹni tí ife bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, aráyé á ní kó dúró gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Olajuwon ò dúró.

Kí ló rí? Láyé ìgbà náà, kọ́ìnì ni NBA ń jù sókè láti mọ ẹgbẹ́ tó máa kọ́kọ́ mú ọmọ. Houston Rockets wà lápá kan. Portland, tí ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ Indiana ti bọ́ sí lọ́wọ́, wà lápá kejì. Olajuwon gbàgbọ́ pé Houston, ìlú tó ti ń gbé, ló máa jẹ ẹ́, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ kí kọ́ìnì tó balẹ̀. Ó bọ́ sí i. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún náà. Michael Jordan, tí òun náà fi ọdún kan sílẹ̀ ní North Carolina, ṣe ipò kẹta. Nígbà tó di 1994, Olajuwon gba ife NBA fún Houston, ó tún gbà á ní 1995. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ìnì yẹn kọ́ṣe. Ẹni tó mọ̀ pé, kọ́ìnì ìbáà ṣubú síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, ipò kìíní tàbí ìkejì lòun máa bọ́ sí, kò ta tẹ́tẹ́ rárá. Ìlú tó máa gbé nìkan ni kọ́ìnì náà ń bá a yàn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí wà lórí ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi "ṣé ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù gbá?" sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Ipò wo ni wọ́n máa ti pe orúkọ rẹ̀, irú ìwé àdéhùn wo ló sì wà ní ipò yẹn? Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjèèjì kò tíì tó ẹni tó ń fi fásitì sílẹ̀.

Òfin tó ṣínà fún Olajuwon kò tíì dàgbà nígbà náà. Kó tó di 1971, NBA kì í gba ọmọ títí ọdún mẹ́rin á fi pé lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ kíláàsì rẹ̀ ti jáde girama. Spencer Haywood ló gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, méje nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án sì gbè é. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ń ti girama bọ́ síbẹ̀ tààrà: Kevin Garnett ní 1995, Kobe Bryant ní 1996, LeBron James ní 2003. Àdéhùn 2005 láàárín NBA àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló tún dín ìyẹn kù. Láti draft 2006, ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 19 láàárín ọdún draft, ọdún kan sì gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ kíláàsì rẹ̀ parí girama. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo ọdún kan péré ní fásitì. Ọmọ òkèèrè tí kò gba ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kọjá, ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń bi í. Lálẹ́ draft 2013 ní Brooklyn, orúkọ Yorùbá méjì ló jáde: Victor Oladipo, tó fi Fásitì Indiana sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní ipò kejì, àti Giannis Antetokounmpo, Adétòkunbọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì yí sípẹ́lì rẹ̀ padà, ní ipò 15. Giannis ò jókòó ní kíláàsì fásitì rí.

Ọ̀nà tí ọmọ fi ń mọ ipò rẹ̀ wàyí. Ìgbìmọ̀ kan wà lọ́wọ́ NBA tí àwọn ọ̀gá inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ọmọ tàbí kóòṣì rẹ̀ á kọ̀wé sí wọn, wọ́n á sì dá a lóhùn ní ìkọ̀kọ̀ bóyá wọ́n rí i ní ìpele kìíní draft (ipò 1 sí 30), ní ìpele kejì, tàbí pé wọn ò rí i rárá. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìlérí. Ọ̀pọ̀ ọmọ gba "ìpele kejì" nínú lẹ́tà, wọ́n sì ka "bóyá ìpele kìíní" sí i. Láti 2018 ni NCAA ti gbà pé ọmọ tó bá ti béèrè ìmọ̀ràn yìí lè gba éjẹ́ǹtì tó níwèé ẹ̀rí, pẹ̀lú àdéhùn tó wà nínú ìwé, kó sì tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́ bó bá fòpin sí àdéhùn náà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ẹ̀gbọ́n àdúgbò tí kò níwèé kankan, tó ń gba owó káàkiri lórúkọ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ padà sí fásitì, owó yẹn á dìde sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò Chicago, tí wọ́n ń pè ní Combine. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n á ní kí ọmọ bọ́ bàtà. Ọmọ tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pè ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ìnṣì 9 lè di 6 àti 7 lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Á fẹ̀yìn ti ògiri, á na apá méjèèjì, wọ́n á wọn ọ́n láti orí ìka dé orí ìka. Á dúró, á na ọwọ́ sókè, wọ́n á wọn ibi tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ràn òǹkà yìí ju gíga lọ, torí ọwọ́ ló ń dí bọ́ọ̀lù, orí kì í dí i. Lẹ́yìn náà ló kan fífò. Irin gígùn kan wà tí wọ́n to ewé pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára ní ìnṣì kọ̀ọ̀kan tàbí ààbọ̀; ọmọ á fò, á gbá ewé tọ́wọ́ rẹ̀ bá dé, wọ́n á ka èyí tó yí. Àkọ́kọ́ láìgbé ẹsẹ̀, èkejì pẹ̀lú eré díẹ̀. Wọ́n á ní kó sáré yí agbègbè abẹ́ àwọ̀n po, kó tún sáré ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pápá. Àwọn dókítà náà á yẹ egungun àti ọkàn wò. Láti 2024, ẹni tí wọ́n pè tó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n wọn òun tàbí yẹ òun wò, láìsí ìdí, kò lè wọ draft ọdún náà. Éjẹ́ǹtì tó máa ń fi ọmọ pamọ́ látijọ́ kí ìnṣì méjì tó dín má baà hàn, ọgbọ́n yẹn ti parí.

Ẹ jẹ́ ká dúró dáadáa nídìí owó. Ẹgbẹ́ 30 ni, ìpele méjì, ipò 60 lápapọ̀ bí wọn ò bá fi ìyà gba ipò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Owó ìpele kìíní ti wà nínú tábìlì; ẹgbẹ́ lè san láti ìdá 80 sí 120 nínú 100 iye tó wà níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 120 ni gbogbo wọn ń san. Fún draft 2024, ìyẹn sún mọ́ mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ fún ẹni ipò kìíní, àti mílíọ̀nù 2.5 fún ẹni ipò 30. Ọdún méjì àkọ́kọ́ dájú; bí orúnkún ọmọ yẹ̀ lọ́jọ́ kejì, owó náà á ṣì wọlé. Ọdún kẹta àti ìkẹrin, ọwọ́ ẹgbẹ́ ló wà. (Tábìlì yìí kò sí ní ayé Olajuwon. Lẹ́yìn tí Glenn Robinson, tó fi Purdue sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, gba àdéhùn ọdún mẹ́wàá tó lé ní mílíọ̀nù 68 ní 1994 kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan, àwọn tó ni ẹgbẹ́ figbe ta, tábìlì sì dé ní 1995.)

Tó bá di ipò 31, ohun tó dájú ti tán. Ohun tí éjẹ́ǹtì bá dúnàádúrà lọmọ máa gbà. Àwọn ipò àkọ́kọ́ níbẹ̀ ṣì lè rí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó dájú. Tó bá ti ń sún mọ́ 50, àdéhùn alápá méjì ló sábà máa ń jẹ́: ọmọ á máa lọ á máa bọ̀ láàárín NBA àti G League, líìgì kékeré tí NBA ní, kò ní ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 50 lọ nínú NBA, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè ní irú wọn mẹ́ta. Ní sáà 2024 sí 2025, dọ́là 578,577 ni. Owó ni, a ò pè é ní nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n lè fòpin sí i nígbàkígbà. Ìdí nìyẹn tí éjẹ́ǹtì tó gbọ́n fi máa ń pe àwọn ẹgbẹ́ lálẹ́ draft, nígbà tí ipò ti lé ní 50, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má pe ọmọ òun. Ẹni tí wọn ò pè lè yan ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni púpọ̀ ní ipò tó ń gbá. Ẹni tí wọ́n pè ti di ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ìdílé tí kò mọ èyí á máa sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí éjẹ́ǹtì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì.

Kí ẹ sì yọ ti àwọn tó ń pín nínú owó náà kúrò. Owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dé ìdá 37 nínú 100. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù, títí kan ti àlejò, tún lè gba tirẹ̀. Éjẹ́ǹtì lè gba tó ìdá 4. NBA fúnra rẹ̀ ń dá ìdá 10 dúró títí wọ́n á fi ṣírò owó tó wọlé lọ́dún náà. Kí wá ló ń mú ẹni ipò karùn-ún yára? Àdéhùn kejì ni. Ibẹ̀ ni owó gidi wà, ọjọ́ tí ọmọ wọ NBA ni wọ́n sì ti ń ka ọdún sí i. Ẹni tó wọlé ní 19 á dé ibẹ̀ ní 23. Ẹni tó dúró gba ìwé ẹ̀rí á dé ibẹ̀ nígbà tó bá ti lé ní 25. Ọdún tó fi ṣòfò níbẹ̀rẹ̀, ìparí ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ti máa san án.

Fún ẹni ipò 40, ayé ti yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2021, ọmọ fásitì lè fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Láti oṣù keje 2025, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn lè san owó fún àwọn eléré wọn, tó mílíọ̀nù 20.5 lọ́dún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá pa pọ̀. Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e: ní 2021, ọmọ 353 ló fi orúkọ sílẹ̀ fún draft ṣáájú àkókò; ní 2025, 106 péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró ń gba ju ohun tí àdéhùn alápá méjì máa fún wọn lọ.

Ọmọ tiwa kọ́ ló ń jẹ nínú ìyẹn bó ṣe fẹ́. Físà F-1 kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ owó lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láìgba àyè. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó gbá bọ́ọ̀lù fún Kentucky, ní láti dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Bahamas ní oṣù kẹjọ 2022 kó tó ṣe ìpolówó tirẹ̀. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní fásitì lọ́dún náà. Ó padà, ó gbá ọdún kan sí i, ní 2023 ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀. Àdéhùn alápá méjì ló gbà lọ́dọ̀ Indiana Pacers. Òkìkí fásitì àti ipò draft kì í ṣe ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kéèyàn dúró kì í fi gbogbo ìgbà gbé ipò sókè: nínú draft 2020, Precious Achiuwa, ọmọ Port Harcourt tó lo ọdún kan ní Memphis, bọ́ sí ipò 20, Udoka Azubuike, tó yọ orúkọ rẹ̀ ní 2018 tó sì lo ọdún mẹ́rin ní Kansas, bọ́ sí 27.

Físà yẹn náà ló ń sọ bí oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọmọ tó ń fò láti ìlú kan sí ìkejì fún ìdánwò ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ parí sẹ̀mẹ́sítà rẹ̀. Bó bá pa kíláàsì tì, máàkì rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù bó bá padà, físà rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín sáà pẹ̀lú àṣẹ, ọjọ́ 15 ló ní láti kúrò nílùú. Ẹgbẹ́ NBA lè bá ẹni tí wọ́n mú gba físà eléré. Ẹni tí kò sẹ́ni tó pè é, ta ló máa kọ lẹ́tà fún un?

Ohun ìkẹyìn ni ọjọ́. Ẹ mú 2024 ṣe àpẹẹrẹ. Gbèdéke fífi orúkọ sílẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Ìdánwò Chicago wáyé láti ọjọ́ 12 sí 19 oṣù karùn-ún. Gbèdéke NCAA láti yọ orúkọ jẹ́ ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ti NBA jẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, draft fúnra rẹ̀ sì wáyé lọ́jọ́ 26 àti 27. Gbèdéke méjì yìí ló ń da ọ̀pọ̀ rú. Ẹni tó yọ orúkọ láàárín wọn ti pa ẹ̀tọ́ draft ọdún mìíràn mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn bọ́ọ̀lù fásitì ti tì. NCAA ni kí ẹ máa wò. Kí ọmọ sọ fún kóòṣì kò tó, kó kéde rẹ̀ lórí Instagram kò tó: lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì NBA, kó sì ní ẹ̀rí pé ó dé. Agogo 11:59 alẹ́, àkókò New York, ni gbèdéke náà. Fún òbí tó wà ní Èkó, agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì ló ku ìṣẹ́jú kan. Ẹ má pa fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà.