Ìlú Tó Wà Nínú Kòtò: Ọ̀rọ̀ Nípa Erékùṣù Mòsáḿbíìkì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìlú tí mo fi kádìí ìrìn àjò mi létí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, Erékùṣù Mòsáḿbíìkì, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti dé ibẹ̀ rí nígbà tí ara ṣì le. Nígbà tí mo fẹ́ padà lọ, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ ń wí: “Háà, ìlú tó ń sùn yẹn!” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo wá bá jà lálẹ́ òní.

Gígùn erékùṣù náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 3 lọ. Afárá tó gbà láti Lumbo, ìlú kan ní òdìkejì omi, wọ ibẹ̀ gùn tó erékùṣù fúnra rẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbà. Bí méjì bá pàdé, ọ̀kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlú òkúta àwọn Potogí wà ní àríwá. Níbẹ̀ ni odi São Sebastião wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní 1558, tí àwọn ará Họ́láńdì kọlù ní 1607 àti 1608 tí wọn ò rí gbà. Olú-ìlú ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì ni ibẹ̀ títí di 1898 tí wọ́n gbé ìjọba lọ sí Lourenço Marques, Maputo òde òní. Nígbà tó yá, èbúté Nacala gba òwò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí àríwá, tó ń wo igi ọ̀pọ̀tọ́ tó hù lára ògiri, á ní ìlú ń sùn lóòótọ́.

Ẹ wá bá mi rìn lọ sí gúúsù. Ẹ óò rí i pé òrùlé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú títì tí ẹ dúró sí dọ́gba. Kí ló fà á? Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta tí wọ́n fi kọ́ ìlú àríwá! Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi di kòtò, inú kòtò ọ̀hún sì ni àwọn èèyàn dúdú kọ́lé sí. Makuti ni wọ́n ń pè é, nítorí ewé àgbọn tí wọ́n fi ń ṣòrùlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú ń gbé. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí gbogbo wọn o: ti àríwá ń gba orí òrùlé pẹrẹsẹ wọ àgbá omi abẹ́ ilẹ̀, ó di omi mímu, ti Makuti ń wọ yàrá. Láàárọ̀ kùtù, àwọn obìnrin ti ń lọ igi mussiro pẹ̀lú omi lórí òkúta, wọ́n ń fi í kun ojú funfun báláú. Àwọ̀n ń gbẹ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé ń ké kéwú. Ta ló ń sùn níbẹ̀?

Àwọn kan ń ṣàròyè pé páànù ti ba ẹwà Makuti jẹ́. Ẹ bá mi bi wọ́n: ṣé ewé ni wọ́n fi bo ilé tiwọn?

Alága ti ń fi aago hàn mí. Kí n sáré: UNESCO ka erékùṣù náà mọ́ ogún àgbáyé ní 1991, odi sì rí àtúnṣe. Oṣù Kẹta 2022, ìjì tí wọ́n sọ ní Gombe dé, ó wó ọ̀pọ̀ ilé. Ijó tufo àwọn obìnrin, mi ò lè ráyè fún un.

Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde láàárín èrò: “Sà, ẹ ń sọ̀rọ̀ kòtò, ẹ ń sọ̀rọ̀ òkúta, ẹ ò sọ ti àwọn tí wọ́n kó gba orí omi lọ.”

Ọmọ mi, o ṣeun. Oṣù Kejìlá 1794, ọkọ̀ akẹ́rú São José gbéra ní erékùṣù náà pẹ̀lú ẹrú tó lé ní 500, ó ń lọ sí Maranhão ní Bùràsíìlì. Ó fọ́ nítòsí Cape Town. Èyí tó lé ní 200 nínú wọn bómi lọ, wọ́n sì ta àwọn tó yè. Ní 2015, wọ́n bu erùpẹ̀ láti Mòsáḿbíìkì lọ síbi tí ọkọ̀ náà rì sí. Bùràsíìlì tí a máa ń fi yangàn pé òrìṣà wa wà níbẹ̀, àwọn Makua, ẹ̀yà tó ń gbé agbègbè erékùṣù yẹn, náà jìyà dé ibẹ̀. Rio kún fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí ìtàn erékùṣù yẹn, kí ó kọ́kọ́ la gọ́tà fún Makuti. Ọmọ àwọn tí ọkọ̀ ò rí kó lọ ló ń gbé ibẹ̀.