Ìka Tó Ń Gan, Ikọ́ Tí Kò Ní Kẹ̀lẹ̀bẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń yan gaàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bó bá jí láàárọ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti gan, kò ní lè di igbá tó fi ń yí gaàrí nínú agbada mú dáadáa, àfi bí oòrùn bá ti gòkè. Wọ́n ní làkúrègbé ni, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ìgbà tó yá ni ikọ́ dé. Ikọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó ní èéfín ni. Lọ́dún tó kọjá, ó bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jó wọ Ojúde Ọba láìdúró. Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró lọ́nà, tó ń mí gúlegúle. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

Ó sọ ti ìka fún dókítà. Ti ikọ́, kẹ́mísì ló sọ ọ́ sí.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Ìka yẹn àti ikọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń lé kòkòrò àrùn. Nínú àwọn àìsàn kan, ẹ̀ṣọ́ yìí kì í mọ onílé yàtọ̀ sí olè mọ́, ara á wá máa bá ara jà. Rheumatoid arthritis wà lára wọn, ìyẹn irú làkúrègbé tí mo ṣàpèjúwe yẹn. Lupus, tó máa ń mú awọ àti oríkèé, náà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Scleroderma tó ń mú kí awọ le náà wà níbẹ̀. Oríkèé tàbí awọ la máa ń rí, ṣùgbọ́n ìjà náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóóró.

Ẹ̀dọ̀fóóró rọ̀ bíi fóòmù. Ó kún fún àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, ara ògiri yẹn sì ni ọ́síjìn ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà bá débẹ̀, ògiri á wú. Bó bá pẹ́, á di àpá. Àpá nípọn, kì í nà. Ojú àpá ò sì lè jọ ojú ara: oògùn lè dá a dúró kó má tàn sí i, ṣùgbọ́n ibi tó ti di àpá kò ní fẹ́lẹ́ mọ́. Ohun tó ń mú mi kánjú nìyẹn.

Bí dókítà bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó lè gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ẹ bá ń rọra ṣí bàtà ọmọdé tí kò ní okùn, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ́síreè lè má fi nǹkan kan hàn níbẹ̀rẹ̀. CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní ìpele ìpele, ló ń fi í hàn kedere.

Kì í ṣe àpá nìkan o. Lupus lè mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóóró wú, tí àyà á máa gún èèyàn bó bá mí sínú. Oògùn tó ń rọ àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn lójú lè ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Methotrexate, ọ̀kan lára oògùn làkúrègbé yìí, fúnra rẹ̀ máa ń bá ẹ̀dọ̀fóóró àwọn kan jà, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Nítorí náà, bí ikọ́ bá dé pẹ̀lú ibà, tàbí tí mímí ń ni yín lára lórí ìjókòó, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe dá prednisolone, tí òun náà wà lára oògùn tó ń rọ ẹ̀ṣọ́ lójú, dúró lójijì fúnra yín.

Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe òun, ìbéèrè ò tíì tán.

Sìgá ń dá kún un gan-an, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ní ti èéfín agbada, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa koná.

Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà fún yín lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Ẹ sọ ti ìka àti ti ikọ́ níwájú dókítà kan náà. Ẹ sọ bí ẹ ṣe jó wọ Ojúde Ọba lọ́dún tó kọjá, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí ẹ dúró lọ́dún yìí.