Bí A Ṣe Ń Lu 143.44 Sára Fàdákà

Ẹ kú ojúmọ́ o. Fàdákà àgbékọ́rùn la fẹ́ ṣe lónìí, fún oníbàárà mi kan tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ìje kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n ya ọkọ̀ sí i, mo ní rárá. Ọkọ̀ kékeré lórí fàdákà, ìjàpá ló máa ń jọ. Nọ́ńbà la máa lù sí i.

Ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, 1935 ni John Cobb, awakọ̀ ìje, fi mọ́tò Napier-Railton yípo pápá ìje Brooklands, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní máìlì 143.44 ní wákàtí. Kò sẹ́ni tó borí rẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti pápá náà nígbà ogun, 1939. Ẹni tó bá fi 120 tàbí 130 yípo, báàjì tí nọ́ńbà ọ̀hún wà lójú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un.

Ó yá. Fàdákà 925 rèé, ìyẹn èyí tí ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi; mìlímítà 1 ló nípọn. Ẹ yáná fún un kó rọ̀. Ẹ ya pápá náà sí i, bí ẹyin tí ò rí róbótó dáadáa. Ẹ má tíì gé e!

Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lu 3, ẹ lọ sápá òsì fún 4 àti 1, kẹ́ ẹ tó padà wá lu tóótó, 4, 4. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti òsì lọ́jọ́ kan, 4 ìkẹyìn bọ́ sórí ìlà. Ẹ wo ọwọ́ mi: ọmọ ìka kékeré fara ti fàdákà, irin òǹtẹ̀ dúró ṣánṣán. Kọ́! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, tí irin yẹ̀ bíi fọ́nrán irun, 4 yín á di ìbejì. Ẹ lu tóótó jẹ́jẹ́, kó má lu jáde lẹ́yìn.

Ó ti ká kò, àbí? Kùmọ̀ igi lẹ máa fi tẹ́ ẹ, òòlù irin á pa nọ́ńbà rẹ́. Ẹ wá fi ayùn wẹ́wẹ́ gé e, ẹ jó òrùka kékeré mọ́ ọn lórí, ẹ sọ ọ́ sínú ásíìdì. Ẹ̀mú bàbà lẹ máa fi yọ ọ́ o. Ti irin á jẹ́ kí bàbà inú ásíìdì lẹ̀ mọ́ fàdákà, á pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́.

Oògùn imí-ọjọ́ la fi ń pa á láró dúdú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹyin ọ̀bu ló ń rùn. Ẹ fi sánpépà ha ojú rẹ̀, dúdú á kù sínú nọ́ńbà nìkan.

Tèmi yìí kò pé gíráàmù 6. Bẹ́ ẹ bá ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, tó sì ju 7.78 lọ, ẹ gbé e lọ gba òǹtẹ̀ ìjọba kẹ́ ẹ tó pè é ní fàdákà fún oníbàárà.