Bí a ṣe ń fa horo róbótó gùn, ká lè rí ohun tí ìrísí ń ṣe nínú ara

Ẹ kú ìjókòó. Omi inú ìgò yìí funfun bíi wàrà. Horo róbótó tí a fi polystyrene, irú ike kan, ṣe ló kún inú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 nánómítà. Ẹ to 35 wọn sórí ìlà, wọn ò ju ìbú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan lọ. Ìrísí wọn nìkan la fẹ́ yí padà.

Ẹ yọ́ PVA (polyvinyl alcohol), ike tó ń yọ́ nínú omi, nínú omi gbígbóná, ẹ rò ó títí kò fi ní kókó mọ́. Tó bá tutù, ẹ da gilisírìn díẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ da horo wa sí i. Ẹ dà á sínú àwo tó tẹ́jú, kó gbẹ di ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí tábìlì bá dagun, ọ̀rá á nípọn lápá kan, àwọn horo ò sì ní gùn bákan náà.

Ẹ fi irin di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ rì í sínú òróró tó gbóná dé 120°C. Polystyrene máa ń rọ̀ tó bá ti kọjá nǹkan bí 100°C. Ẹ rọra fà á di ìlọ́po méjì. Ẹ gbé e kúrò nínú òróró, ẹ jẹ́ kó tutù tán kí ẹ tó tú u. Ẹni tó bá tú u ní gbígbóná, róbótó ló máa padà sí.

Ẹ fọ òróró kúrò, ẹ yọ́ ọ̀rá náà nínú omi, ẹ fi ẹ̀rọ centrifuge yí i, ẹ da omi òkè nù, ẹ tún un ṣe léraléra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbí. PVA tó bá ṣẹ́kù lára horo ni sẹ́ẹ̀lì máa fọwọ́ kàn, ẹ ó sì máa rò pé ìrísí ló ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ gé ọ̀rá kan sọ́tọ̀ tí ẹ ò ní fà, kí òun náà gba inú òróró àti omi kan náà kọjá. Òun ni ẹ máa fi wé èyí tí a fà, kì í ṣe horo inú ìgò tí a rà.

Irú horo báyìí, èyí tó tóbi jù wọ̀nyí lọ, ni Julie Champion àti Samir Mitragotri lò ní Santa Barbara, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2006. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àjèjì mì bá kan ṣóńṣó horo gígùn, ó gbé e mì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ ló kàn, ó kàn nà sórí rẹ̀ ni, kò rí i gbé mì. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀; àwọn ló ń gbá horo tó gbé oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó dé ibi àìsàn. Ìyẹn ló mú kí n nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ orúkọ sára ìgò méjèèjì báyìí, ti horo tí a fà àti ti èyí tí a ò fà. Funfun kan náà ni wọ́n, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀.