Mbárí Mbáyọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà lórí itan mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi àgbà ló fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya á ní Òṣogbo, kó tó rì í sínú aró. Ó níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n, tí ìlà náà wọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi máa ń lọ.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Ulli Beier, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Jámánì lọ́dún 1922. Júù ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Hitler gbàjọba, wọ́n sá lọ sí Palẹ́stínì. Ogun bá wọn níbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso sì tì wọ́n mọ́lé. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Jámánì ní Júù ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ní ará Jámánì ni wọ́n. Níbo lẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ forí lé?

Ó dé Ìbàdàn ní 1950, òun àti ìyàwó rẹ̀ ayàwòrán, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà wa. Ní 1962, òun àti Dúró Ládiípọ̀ ṣí ilé eré àti ọnà kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Mbari ni wọ́n fẹ́ máa pè é, ọ̀rọ̀ Igbo. Etí àwọn ará ọjà gbọ́ Yorùbá nínú ẹ̀: ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀. Ló bá di Mbárí Mbáyọ̀. Ibẹ̀ ni Jímọ̀ Bùráímọ̀, tó ń tanná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀, ti di ayàwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Beier kọ eré oníṣe lórúkọ Ọbọ́túndé Ìjímèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé Yorùbá ló kọ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, àmọ́ n ò fara mọ́ èyí. Wọ́n ti gé orúkọ tèmi kúrú níbi iṣẹ́ níbí, mo mọ bó ṣe ń rí lára.

Ó kúrò ní Nàìjíríà ní 1966, nígbà tí ìlú ti ń dàrú lọ sógun. Sydney ló kú sí ní 2011.

Àbúrò mi ní ìkòkò aró ìyá àgbà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí wọ́n gbé e dànù. Mò ń bọ̀ lóṣù Ògún.