Lẹ́tà tí Wọ́n Dáná Sun, Lẹ́tà tí Wọ́n Pa Mọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi iná ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1799, Martha ìyàwó rẹ̀ kó lẹ́tà tí àwọn méjèèjì ti ń kọ síra wọn fún nǹkan bí 40 ọdún, ó dáná sun ún. Ìwọ̀nba bíńtín ló yè. Méjì wà nínú tábìlì ìkọ̀wé kan tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Martha. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni lẹ́tà oṣù Kẹfà ọdún 1775, tí ọkọ fi sọ fún aya pé wọ́n ti fi òun jẹ olórí ogun tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ó ní ẹrù náà ju agbára òun lọ. Ó ní ayọ̀ tí òun máa rí nínú oṣù kan ṣoṣo nílé lọ́dọ̀ rẹ̀ ju èyí tí òun lè rí níbòmíì lọ, bí òun tilẹ̀ lo ọdún méje lọ́nà méje níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ sára òkè Rushmore ní Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ọlá tábìlì yẹn la fi gbọ́ ọ.

Èmi ò bá Martha wí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, àwọn ló ni ín. Thomas Jefferson náà, ààrẹ kẹta, ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1782, kò sì sí lẹ́tà kan tó kù sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ Jefferson yìí kan náà kọ nǹkan bí 19,000 lẹ́tà láyé rẹ̀! Láti ọdún 1804 ló ti ń lo ẹ̀rọ kan tó ní gègé méjì: bó ṣe ń fi èkíní kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń kọ ohun kan náà sórí ìwé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ara rẹ̀ mọ̀ pé ojú ẹlòmíì máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ máa fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á.

Àwọn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni John Adams, ààrẹ kejì, àti Abigail ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà wọn tó kù lé ní 1,100, wọ́n sì wà ní Boston lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn ìpínlẹ̀ Massachusetts. "Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n jù lọ" ni wọ́n fi ń pe ara wọn. John wà ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń gbèrò bí wọ́n ṣe máa já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Abigail wà nílé wọn ní Braintree ní Massachusetts, òun nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ, òun ló ń bójú tó oko.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1776, Abigail kọ̀wé sí i pé bí wọ́n bá ń ṣe òfin tuntun, kí wọ́n rántí àwọn obìnrin. Kí wọ́n má ṣe fi agbára tí kò lópin lé ọkọ lọ́wọ́, nítorí gbogbo ọkùnrin ló máa di òǹrorò bí wọ́n bá rí àyè rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, John fèsì pé òun ò lè ṣe kí òun má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin náà ò ka ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ sí. Ẹ bá mi ṣí ìwé síwájú díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, John kọ̀wé sí James Sullivan, adájọ́ kan ní Massachusetts, lórí ẹni tó yẹ kó dìbò. Ó kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní lópin, àwọn obìnrin náà máa ní àwọn fẹ́ dìbò. Ẹ̀rín tó rín fún ìyàwó rẹ̀ ò dénú. Ọ̀rọ̀ Abigail ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá ka lẹ́tà kan ṣoṣo ò lè mọ ìyẹn.

Abigail náà ló kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1774 pé ó wu òun kí ẹrú kankan má sí ní ìpínlẹ̀ àwọn. Ó ní kò bójú mu lójú òun pé kí àwọn máa jà fún ohun tí àwọn ń fi ojoojúmọ́ jà gbà lọ́wọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí òmìnira bíi tàwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá mi padà sọ́dọ̀ Washington.

Ìwé tí Washington ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojúmọ́ sí pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí inú rẹ̀ níbẹ̀. Òjò ni, yìnyín ni, ọkà tí wọ́n gbìn, àlejò tó wá jẹun. Lẹ́tà ló tú u fó.

Lọ́dún 1791, Philadelphia, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni olú-ìlú Amẹ́ríkà. Òfin Pennsylvania, ti ọdún 1780, sọ pé ẹrú tí àlejò bá mú wọ̀lú, tó sì lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, lè gba òmìnira. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, Washington kọ̀wé sí Tobias Lear, akọ̀wé rẹ̀, pé kí wọ́n kó àwọn ẹrú òun padà sí Virginia, níbi tí ilé òun wà, kí wọ́n má bàa rí òfin náà lò. Ó ní kí wọ́n wá àwáwí kan tó máa tan àwọn ẹrú náà jẹ, tó sì máa tan ará ìlú jẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, àfi Lear àti Martha.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka gbólóhùn yẹn, mo pa ìwé dé. Mo ti ka lẹ́tà ìfẹ́ ọdún 1775 ṣáájú, ó sì ti dùn mọ́ mi. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì.

Ọ̀kan nínú àwọn tí Washington ń sọ̀rọ̀ wọn ni Ona Judge, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tọ́jú aṣọ àti irun Martha. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1796, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ Martha lọ́rẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí àwọn Washington ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó jáde nílé, kò sì padà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Portsmouth ní New Hampshire. Washington kọ̀wé sí Oliver Wolcott, mínísítà ìṣúná rẹ̀, pé kó bá òun wá a. Ó ní ọmọ ni wọ́n fi ọmọbìnrin náà ṣe ju ìránṣẹ́ lọ. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó wà ní Portsmouth rí Ona, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì kọ̀wé padà pé yóò gbà láti padà bí wọ́n bá ṣèlérí pé òun á di òmìnira lẹ́yìn ikú àwọn ọ̀gá òun. Washington kọ̀. Ó ní kò tọ́ láti san èrè fún ẹni tó dalẹ̀ wọn.

Lẹ́tà Washington lórí ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ lè kà á lónìí. Ti Ona, ohun tó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn lọ́dún 1845 àti 1846 la rí dì mú, nígbà tó ti di àgbàlagbà ní New Hampshire, tí òfin ṣì kà á sí ẹrú. Ó ní bí àwọn ará ilé náà ṣe ń di ẹrù láti lọ sí Virginia, òun náà ń di ẹrù tòun, òun ò sì mọ ibi tí òun ń lọ. Wọ́n bi í bóyá ó kábàámọ̀, torí pé iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà nira ju ti ilé Washington lọ. Ó ní rárá, òun ti dòmìnira, òun sì gbà pé ọ̀nà yẹn ló sọ òun di ọmọ Ọlọ́run.